Ta ló kó Kérésì wá sí Èkó? Ìtàn àwọn ìyá àgbà àti àwọn ọmọ tí wọ́n tú ká

1/ Gbogbo December ni ẹnìkan máa ń kọ ọ́ síbí pé "Kérésì kì í ṣe tiwa, òyìnbó ló kó o wá bá wa." Àwọn kan á gbà, àwọn kan á bú u, lẹ́yìn ọjọ́ méjì kálukú á padà sídìí ìrẹsì rẹ̀. Lọ́dún yìí mo fẹ́ fi ìtàn dá ọ̀rọ̀ náà lóhùn. Ẹ fa àga, tírẹ́ẹ̀dì yìí gùn díẹ̀.

2/ Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí: òyìnbó nìkan kọ́ ló kó Kérésì wá sí Èkó. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n tà lẹ́rú, tí wọ́n tún rí ọ̀nà padà wálé, wà lára àwọn tó gbé e wá. Ìdí nìyẹn tí Kérésì Èkó fi jẹ́ ọdún ìpadàwálé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí gbogbo èèyàn sì ń padà wá bá, ní ọ̀pọ̀ ilé, ìyá àgbà ni. Ẹ máa bá mi bọ̀.

3/ Bádágrì, 1842. Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní September. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ènìyàn dúdú, ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti bí i. Ó lọ kí Ṣódẹkẹ́ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tó máa padà dé Bádágrì ní 24 December, ó bá Henry Townsend ti CMS níbẹ̀, òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Àwọn méjèèjì jọ ṣe Kérésì. Igi Àgíyà tí ẹ máa ń gbọ́ nínú ìtàn yẹn wà lórí ìdúró títí di 1959 kó tó wó.

4/ Àmọ́ ta ló ránṣẹ́ pè wọ́n? Ibi tí ìwé ilé-ìwé máa ń fò kọjá nìyẹn. Àwọn Sàró ni o. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti tà, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n kó lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Láti nǹkan bíi 1839 ni wọ́n ti ń wọkọ̀ padà sílé. Ọ̀kan nínú wọn ní Bádágrì, James Ferguson, ló kọ lẹ́tà ní 1841 pé kí wọ́n rán oníwàásù sí àwọn. Ọmọ ilé ló ránṣẹ́ pe àlejò.

5/ Sàró tí gbogbo wa mọ̀ jù ni Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni wọ́n kó ìlú Òṣogùn, tí wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n pín wọn níyà. Wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó wa níbí. Ọwọ́ àwọn Potogí ló bọ́ sí kẹ́yìn, wọ́n kó o sọ́kọ̀ ní 1822. Ọkọ̀ yẹn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá dúró lójú òkun.

6/ Ní 9 January 1844, Crowther ṣe ìsìn kan ní Freetown, ní èdè Yorùbá. Ẹ gbọ́ ibi tó mú nínú Bíbélì fún ìwàásù ọjọ́ náà: Lúùkù orí kìíní, ẹsẹ 35. Ọ̀rọ̀ tí áńgẹ́lì bá Màríà sọ nípa ọmọ tí yóò bí. Ọ̀rọ̀ Kérésì pọ́ńbélé! Bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà ni àwọn èèyàn ń dáhùn pé "Kí ó ṣẹ." Ẹ wo àwọn tó jókòó síbẹ̀: ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n já gbà lọ́wọ́ ìyá wọn. Ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ lédè ara wọn.

7/ Abẹ́òkúta, August 1846. Ọdún 25 ti kọjá. Crowther rí ìyá rẹ̀, Àfàlá. Wọ́n ti ta ìyá yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín àkókò yẹn. Ó sì ti di ìyá àgbà láìmọ̀: ọmọ rẹ̀ ti gbéyàwó, ó ti bímọ ní ilẹ̀ tí ìyá kò dé rí. Dandeson, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Crowther, 1844 ni wọ́n bí i, kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà náà. Ní 1848 ìyá yìí ṣèrìbọmi, wọ́n fún un ní orúkọ Hannah.

8/ Mo máa ń rò ó pé ìyá àgbà mélòó ní Abẹ́òkúta, Bádágrì àti Èkó ló bá wọn ṣe Kérésì àkọ́kọ́, tó jẹ́ pé kì í ṣe ìwàásù nìkan ló fà wọ́n lọ. Ọmọ tó sọnù ló padà dé, ọmọ náà ní ọdún kan tó ń ṣe, ó sì ní àwọn ọmọ kéékèèké tó ń sá kiri. Ìyá wo ni kò ní bá wọn jókòó síbẹ̀?

9/ Àwọn Àgùdà ńkọ́? Wọ́n ti Brazil dé. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú dì ní Bahia ní 1835, ìpadàbọ̀ wọn pọ̀ sí i. Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó ni ọ̀pọ̀ wọn tẹ̀dó sí. Àwọn ló kó Karẹta wá, aṣọ aláràbarà, ìlù, ẹṣin onígi tí wọ́n fi ń jó lójú pópó nígbà Kérésì àti Àjíǹde. Ohun tí wọ́n ń pè ní Fanti lónìí, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀. Àwọn náà, ọmọ tó padà wálé ni wọ́n.

10/ Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹbí Crowther. Abigail ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ẹni tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Ní November 1864 wọ́n bí ọmọkùnrin kan. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi bàbá àgbà rẹ̀ jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Orúkọ ọmọ náà ni Herbert. Kérésì 1867, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá ti bá ọmọ ọdún mẹ́ta gbélé rí mọ̀ pé ìbéèrè ẹnu rẹ̀ kì í tán.

11/ Ti Herbert Macaulay kò tán lóòótọ́. Ó dàgbà tán, ó kọjú sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó ní: ta ló ni ilẹ̀? Ní 1920 ó bá Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Àpápá. Ní 1921 Privy Council dá wọn láre, pé ilẹ̀ náà ní onílẹ̀, ìjọba kò lè gbà á kó má san owó tó yẹ. Bí gò-sìló bá tún há yín mọ́ Herbert Macaulay Way ní Yábà, ẹ rántí pé ìyá ìyá-àgbà ẹni yẹn... rárá, ẹ jẹ́ kí n kà á dáadáa: Àfàlá bí Crowther, Crowther bí Abigail, Abigail bí Herbert. Láti ọjà ẹrú dé orí títì Yábà, ìran mẹ́rin péré.

12/ Ibí ni ìtàn ti wọ Sùúrùlérè. Láti 1924 ni àrùn eku ti ń pa èèyàn l'Ékòó. Ní 1928 ìjọba dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀, Lagos Executive Development Board, tí gbogbo ayé mọ̀ sí LEDB. Iṣẹ́ wọn ni láti wó ilé tí wọ́n ní kò dára, kí wọ́n sì la àdúgbò tuntun. Wọ́n ṣe apá kan ní Yábà. Herbert Macaulay kú ní 1946. Ní 1955, LEDB kọjú sí Ìsàlẹ̀ Èkó gan-an: 70 éékà ni wọ́n fẹ́ wó. Òmìnira ń bọ̀, olú-ìlú gbọ́dọ̀ dára lójú àlejò.

13/ Ibo làwọn onílé máa lọ? Sùúrùlérè. "New Lagos" ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ilé tó tò lọ bẹẹrẹ, títì tó gún régé, omi ẹ̀rọ. Ká sọ òtítọ́, ilé náà dára ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n wó lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn tan yín pé gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ló dùn. Yàrá há, gọ́tà ń rùn. Ṣùgbọ́n agboolé ni wọ́n wó. Yàrá méjì, yàrá mẹ́ta ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀.

14/ Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Peter Marris wá ṣe ìwádìí nípa ẹ̀, ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tó rí: ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn àgbà àti ọmọ wọn ń rí ara wọn lójoojúmọ́. Ìyá tó ń tajà wà nítòsí ọjà, ó wà nítòsí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn dé Sùúrùlérè, owó bọ́ọ̀sì di nǹkan, àwọn oníṣòwò pàdánù oníbàárà, ẹbí tó ń jẹun pọ̀ di ẹbí tó ń ṣèbẹ̀wò. LEDB lè ka iye yàrá. Kò sí bí wọ́n ṣe lè ka iye ìgbà tí ọmọ ń sá wọ yàrá ìyá àgbà rẹ̀ láàárọ̀.

15/ Àwọn tí owó wọn kò ká Sùúrùlérè ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wá yàrá gbà níbi tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Múṣin wà níbẹ̀. Múṣin kò sí lábẹ́ Èkó nígbà yẹn o, Ìwọ̀-Oòrùn ló wà, títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 27 May 1967. Nítorí náà ẹbí kan lè wà tí ìyá àgbà wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ̀gbọ́n wà ní Sùúrùlérè, àbúrò wà ní Múṣin. Ọjọ́ wo ni gbogbo wọn máa fojú kan ara wọn? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ ọdún.

16/ Màmá tó bí màmá mi wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n kó wá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n nígbà tí ilé wọn wó. Ìyá àgbà tiwọn kọ̀, wọn ò tẹ̀lé ẹnikẹ́ni lọ sí Sùúrùlérè. Wọ́n ní kí ni àwọn ń wá nínú igbó? Wọ́n gba yàrá kan lápá ibi tí katakata kò dé. Bàbá Màmá mi jẹ́ mùsùlùmí, ìyá wọn ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bí ọ̀pọ̀ ilé Èkó ṣe rí nìyẹn. Kérésì ni o, Iléyá ni o, ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ń gbà.

17/ Màmá ní láàárọ̀ Kérésì, wọ́n á wọ aṣọ tuntun, bàtà tó ń ha wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì gba orí Carter Bridge. Afárá kan ṣoṣo tó so Mainland mọ́ Erékùṣù nìyẹn nígbà náà, kò tíì sí Afárá Èkó. Tí wọ́n bá dé, ìyá àgbà á ti tú etí aṣọ wọn: tọ́rọ́ fún àwọn kékeré, sísì fún ẹni tó bá ti mọ̀wé díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á wá mú wọn kiri àdúgbò: "Ibí ni ilé wa wà. Ibí ni kànga wà. Ibí ni wọ́n ti sin ìwọ́ bàbá rẹ." Ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n ń nàka sí o. Ilé ti lọ tipẹ́.

18/ Nígbà tó kan àwọn ọmọ Màmá ní àwọn ọdún 1970, ọ̀nà Erékùṣù náà ni, ṣùgbọ́n Father Christmas ni wọ́n ń lọ wò ní Kingsway Stores ní Marina, ṣọ́ọ̀bù ńlá ti UAC. Màmá ní bọ̀ọ̀dá mi sunkún débi pé Father Christmas fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Aṣọ ọdún, Tẹ̀júoṣó. Adìyẹ ọdún, Ojúwòyè ní Múṣin. Ìyá àgbà ti Ìsàlẹ̀ Èkó ti kú nígbà yẹn. Màmá ní lọ́dún tí wọ́n kú yẹn ni àwọn kọ́kọ́ ṣe Kérésì láì gun afárá, ó sì ṣe àwọn bákan.

19/ Ní December tó kọjá, àbíkẹ́yìn bọ̀ọ̀dá mi yẹn wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ Màmá. Ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìkòròdú ni wọ́n ń gbé, ẹ mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń rí Màmá. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ìbéèrè ni. "Màmá, adìyẹ yìí ò ní ilé ni?" "Màmá, ta ló ń yin knock-out? Ṣé wọn ò ní màmá ni?" "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò ní eyín níbí?" Màmá á ní, "Ọkọ mi, jẹ́ kí n mí ná."

20/ Ọjọ́ kan ó béèrè pé, "Ṣé Jésù náà ní màmá àgbà?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Màmá ò rín. Wọ́n ní, "Báwo ni kò ṣe ní ní? Màríà náà kò já láti ojú ọ̀run." Wọ́n wá sọ pé nílé kéú tí bàbá àwọn fi àwọn sí, wọ́n kọ́ àwọn nípa ìyá Mọ́ríámọ̀, bó ṣe fi oyún inú rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run kó tó bí i. Ó wà nínú Kùránì lóòótọ́, orí kẹta. Àwọn ìjọ Kátólíìkì náà ní orúkọ fún ìyá yìí, Anna. Ìbéèrè ọmọ ọdún mẹ́ta, ìsìn méjì ló ti ní ìdáhùn sí i tipẹ́.

21/ Èyí tó ká mi lára jù ni èyí. Lára ògiri iwájú ilé, Màmá ti ní kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ọmọ náà nàka sí i: "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" Mo kà á fún un. Ó yíjú sí Màmá: "Ta ló ni ilé yìí?" Ilé dákẹ́ o. Nítorí ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà fẹ́ tìtorí ẹ̀ pàdé ní Boxing Day nìyẹn gan-an.

22/ Ilé LEDB tí wọ́n kó Màmá wá ní ọmọ ọdún mẹ́wàá nìyẹn. Ọwọ́ bàbá wọn ni wọ́n ti jogún rẹ̀, àwọn àti àwọn àbúrò wọn. Àwọn akọ́lé ti wá wò ó, wọ́n fẹ́ wó o kí wọ́n fi ilé alájà mẹ́rin rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ tà á kì í ṣe èèyàn burúkú. Òrùlé ń jò. Òjò bá rọ̀, omi ń wọlé. Owó ilé-ìwé wà nílẹ̀, ẹnìkan ń ṣàìsàn. Tó bá jẹ́ tiyín, ẹ̀yin náà á rò ó.

23/ Màmá dá ọmọ náà lóhùn kó tó dá àwọn àgbà lóhùn. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, gbogbo wa la ni ín. Ṣùgbọ́n a kì í ta àga tí èèyàn ṣì jókòó lé." Ìpàdé Boxing Day kò yanjú. Wọ́n sún un di Àjíǹde, Àjíǹde sún un di Iléyá. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dà pupa ṣì wà lára ògiri, òjò sì ti ń fọ̀ ọ́.

24/ Kì í ṣe ilé tiwa nìkan o. Ẹ rìn láti Bódè Thomas dé Ojúẹlẹ́gba, ẹ ka iye ògiri tí wọ́n kọ irú ẹ̀ sí. Ìgbà àkọ́kọ́, oníṣòwò ẹrú ló tú wa ká. Ìgbà kejì, LEDB. Lónìí, kò sí ẹni tó fi ìbọn lé wa: Ìkòròdú, Ṣàǹgó, Kánádà, iṣẹ́, owó ilé, físà. Ìtúká náà ni. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé Sàró mọ ohun tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ òun, ó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wá a. Àwa ò tíì mọ̀ pé nǹkan sọnù.

25/ Mo gbádùn December yín, ẹ má bínú. Kọ́ńsáàtì, etí òkun, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tó fi owó pọ́n-ùn ra sùyà, gbogbo ẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé ọmọ kékeré sílẹ̀ fún ìyá àgbà rẹ̀ lálẹ́ kan kí ẹ lè ráyè jáde, ẹ má rò pé ìtọ́jú ọmọ nìkan ni Màmá ń bá yín ṣe. Ìtàn ń kọjá láti ẹnu kan sí etí kan. Ẹ má fi fóònù dí etí náà.

26/ Nítorí náà, iṣẹ́ Kérésì tí mo bẹ̀ yín rèé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín béèrè, kí ẹ̀yin gba ohùn àgbà sílẹ̀ lórí fóònù. Ìbéèrè mẹ́rin péré: Ilé wo ni wọ́n bí yín sí? Ṣé ó ṣì wà? Ta ni ẹ máa ń lọ kí láàárọ̀ Kérésì tàbí Iléyá? Kí ni wọ́n máa ń fún yín? Ẹ kọ orúkọ títì àti nọ́ńbà ojúlé sílẹ̀. Orúkọ títì lè yí padà lọ́la.

27/ Tí ìyá tàbí bàbá àgbà yín bá wà lára àwọn tí LEDB kó wá sí Sùúrùlérè, tàbí àwọn tó gba Múṣin lọ, ẹ bá mi sọ ọ́ nísàlẹ̀. Mo ń kó o jọ, díẹ̀díẹ̀. Màmá ní kí n kí yín: ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, ọdún á yabo fún gbogbo wa. Wọ́n tún ní kí n sọ fún yín pé ìrẹsì wà.